Ọdún tó gorí bàbá, ó gorí ọmọ náà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ọmọ inú ìṣirò yín fi di ẹni ọdún −6, ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí díẹ̀. Ojú èmi náà rí màbo lọ́wọ́ àṣìṣe yẹn.

Ìbéèrè yín ni pé ìlọ́po 4 ọjọ́ orí ọmọ ni ti bàbá báyìí, pé lẹ́yìn ọdún 6 yóò di ìlọ́po 3. Ẹ pe ọmọ ní x, ẹ pe bàbá ní 4x. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wá kọ 4x + 6 = 3x. Bàbá nìkan lẹ fi ọdún 6 kún! Ọmọ wá dúró sójú kan.

Nígbà tí wọ́n tún tèmi ṣe, kòtò mìíràn ni mo tún já sí. Mo kọ 4x + 6 = 3x + 6, x já sí 0. Bàbá 0, ọmọ 0, ìyẹn ni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Àkámọ́ ni mo gbàgbé. Ọjọ́ orí tuntun lódindi la fẹ́ sọ di ìlọ́po 3: 4x + 6 = 3(x + 6). Ó di 4x + 6 = 3x + 18, x = 12. Bàbá jẹ́ 48. Lẹ́yìn ọdún 6, 54 àti 18. Ó bára mu.

Ohun tó gbà mí ni pé kí n tó kọ àmì ìdọ́gba kankan, mo máa ń pín ìwé sí méjì: "báyìí" lápá kan, "nígbà yẹn" lápá kejì. Mo á kọ ọjọ́ orí ẹni kọ̀ọ̀kan sí apá méjèèjì. Ó ń gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì dúró sẹ́yìn mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí ó fi pẹ́: iye ọdún tí bàbá fi ju ọmọ lọ kì í yí padà. Bí bàbá bá jẹ́ ìlọ́po 3, ìlọ́po 2 ọjọ́ orí ọmọ ló fi jù ú lọ. Ọdún 36 ló wà láàárín wọn, nítorí náà ọmọ á jẹ́ 18 nígbà yẹn. Mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òdì, ìyẹn nọ́ńbà tó ní àmì − níwájú, ló jẹ́ àṣìṣe o. Nínú ìdánwò kan, bàbá jẹ́ 40, ọmọ 16. Ìgbà wo ni bàbá jẹ́ ìlọ́po 3 ọmọ? Mo pe iye ọdún láti ìsinsìnyí ní t, mo kọ 40 + t = 3(16 + t), t já sí −4. Ẹ̀rù bà mí, mo fagi lé e, mo kọ "ọdún 4 sí i". Máàkì lọ. Ọdún 4 sẹ́yìn ni òdì yẹn ń sọ, nígbà tí bàbá jẹ́ 36, tí ọmọ jẹ́ 12. Ti yín yàtọ̀: ọjọ́ orí èèyàn ni x dúró fún, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ́ ọmọ ọdún −6.