Kí la máa fi rọ́pò "ṣebí" àti "jàre" ní Esperanto?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń túmọ̀ eré kékeré kan tí mo fúnra mi kọ lédè Yorùbá sí Esperanto, èdè àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe kí àwọn èèyàn tí èdè wọn yàtọ̀ síra lè máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ìtàn rẹ̀ ò le. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú: "ṣebí", "àbí", "jàre", "ẹ̀n-ẹ́n", "o". Ṣé kí n kúkú yọ gbogbo wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ gbogbo wọn o. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n tán, ńṣe ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹ gbé ìwé atúmọ̀-èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbi tó wà.

Ẹ wo "ṣebí". Ẹni tó ní "Ṣebí mo sọ fún ẹ" ò béèrè nǹkan kan; ó ń rán ẹni létí ohun tó ti mọ̀, ó sì ń fi dọ́gbọ́n bá a wí. "Ja" ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: "Mi ja diris al vi." Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má gbé e síwájú bíi "ṣebí". Ẹni tó bá gbọ́ èdè Jámánì á ti dá a mọ̀, torí àwọn náà ń lo "ja" bẹ́ẹ̀.

"Àbí" ò le rárá. "Ĉu" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, bí àwa ṣe ń lo "ṣé": "Ĉu vi venos?", "Ṣé o máa wá?" Ẹ fi "ne" kún un, ó di "àbí": "Vi venos, ĉu ne?" Àmọ́ tó bá jẹ́ "tíì àbí kọfí", "aŭ" ni.

"Jàre" ló máa ń fún mi níṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ Esperanto mọ "do" sí "nítorí náà", ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀ lé àṣẹ, ńṣe ló ń ti ẹni síwájú: "Sidiĝu do!", "Jókòó jàre!" Ó tún ń wọ inú ìbéèrè: "Kio do okazis?", "Kí ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀?" Tí "jàre" yín bá jẹ́ ti ìbínú, "do" ò ní gbé e. "Fi mí sílẹ̀ jàre" ń fẹ́ "Lasu min en paco!"

"Ẹ̀n-ẹ́n" tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀rọ̀, "nu" ni: "Nu, kio do okazis?" Ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, "ha, jes" tó o.

"O" nìkan ni mo máa ń jù nù. "Máa bọ̀ o!" di "Venu!", àmì ìyanu á ṣe ìyókù. Mo ti fi "ho" rọ́pò rẹ̀ rí lẹ́nu bàbá kan nínú eré. Ẹni tó bá mi kà á ní kí ló ya bàbá náà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.