Àjàyí: orúkọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ mú wá

Ẹ ní màmá yín ń pe ọmọkùnrin tuntun yín ní Àjàyí, ẹ sì ń bẹ̀rù pé "jà" tó wà láàárín orúkọ náà lè sọ ọ́ di oníjàgídíjàgan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u bí ẹni ń tú Olúṣẹ́gun tàbí Adébáyọ̀. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi ti Ìgè tó mú ẹsẹ̀ wáyé àti Òjó tó gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ti Àjàyí yàtọ̀: ọmọ gan-an ni wọ́n wò. Láyé ọjọ́un tí aboyún ń kúnlẹ̀ bímọ, bí ojú ọmọ bá ti kọ ilẹ̀, ìyá tó ń gbẹ̀bí ti mọ orúkọ kí wọ́n tó gé ìwọ́. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí ìdílé tó fi tiwọn kún un. Ọmọbìnrin náà ń jẹ́ ẹ, ọkùnrin ló kàn pọ̀ jù.

Inú oríkì rẹ̀ ni adùn wà: "Àjàyí Ògídí Olú, oníkànga àjípọn." Kànga tí gbogbo àdúgbò ń jí lọ pọn! Ta ló ń fi ìyẹn ki oníjà? Àjàyí ni àbúrò mi. Tó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà wa láàárọ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n á fa Ògídí Olú yẹn gùn, ọmọ ò sì ní í dìde títí wọ́n á fi kì í tán. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa jowú.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ni Àjàyí tí ayé mọ̀ jù. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1825, wọ́n fi orúkọ àlùfáà òyìnbó kan sọ ọ́. Ó joyè bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, síbẹ̀ Àjàyí ò bọ́ lára orúkọ rẹ̀. Ìyẹn máa ń wú mi lórí.

Lónìí, ọ̀pọ̀ Àjàyí tí ẹ ń bá pàdé, orúkọ bàbá ńlá wọn ni wọ́n ń jẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe bí àwọn fúnra wọn. Ti ọmọ yín ṣì ṣeé wádìí. Bí màmá yín bá wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀, ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí pé ibo lojú ọmọ kọ sí.