Ṣé ọmọ ọdún 13 lè wo fíìmù Mid90s?
Rárá, Mid90s tí Jonah Hill darí ní ọdún 2018 kì í ṣe fíìmù tí òbí tó béèrè láti Kubwa, ní Àbújá, lè fi sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 13 láti dá wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún 13 gan-an ni Stevie, ẹni tí ìtàn fíìmù náà dá lé lórí, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun skateboard (pátákó kékeré tó ní táyà lábẹ́) ní Los Angeles. Ìpele R, èyí tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè wò ní sinimá láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀, ni wọ́n fi í sí ní Amẹ́ríkà, nítorí èébú, ọtí, oògùn olóró àti ìbálòpọ̀ tí àwọn ọmọdé lọ́wọ́ sí nínú rẹ̀. Ibi tí Stevie ti já bọ́ láti orí òrùlé, tí ẹ̀jẹ̀ bo orí rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọgbẹ́ náà, ló yẹ kí òbí fiyè sí jù. Ọmọ ọdún 16 lè wò ó bí òbí rẹ̀ bá jókòó tì í.