Ebenezer: orúkọ agbára ni, àbí òkúta lásán?

Ìyá kan bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tú Ebenezer. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti ní kéèyàn lọ ṣa òkúta létí odò, kó pe Ebenezer lé e lórí lẹ́ẹ̀meje lóru, kó wá fi sábẹ́ ìrọ̀rí, pé orúkọ agbára ni lédè Hébérù. Mo ti ṣa òkúta o, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀." Mà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹ́ orúkọ yìí, a ń kọ ọ́ sẹ́yìn dáńfó, a ń kọ ọ́ sára gèètì, a ò sì bèèrè ibi tó ti ń bọ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ńbẹ̀. Eben ni àkọ́kọ́, àwọn tó ń sọ Hébérù ní Ísírẹ́lì lónìí máa pè é ní even, òkúta ni, òkúta bí òkúta, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, irú èyí tí Dafidi fi sínú kànnàkànnà náà ni. Ezer ni ìkejì, ìrànlọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá so ó pọ̀, Òkúta Ìrànlọ́wọ́. Bíbélì Yorùbá kọ ọ́ ní Ebeneseri. Àwọn Júù tó tú Ìwé Mímọ́ sí èdè Gíríìkì kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀, wọ́n wá túmọ̀ ẹ̀ sí òkúta Olùrànlọ́wọ́, àbí ẹ ò rí i, wọ́n ti gbójú kúrò lára òkúta, ẹni tó ṣèrànwọ́ gan-an ni wọ́n ń wò. (Ẹnì kan ti wàásù létí mi rí pé "ẹ̀bẹ̀" tiwa yìí ló fara pamọ́ sínú Ebẹnésà. Ó dùn létí, gbogbo ìjọ ló ní àmín, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀.)

Ezer yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Táwa bá ní "ẹ ràn mí lọ́wọ́," ó lè má ju kẹ́ ẹ bá mi gbé garawa omi sórí lọ. Ezer wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbà 21 ló jáde nínú Májẹ̀mú Láéláé, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ nínú èyí tó pọ̀ jù, ìgbà tó jẹ́ pé nǹkan ti dojú rú, tí ọmọ aráyé ò lè ṣe é mọ́. Orin Dafidi 121 tí gbogbo wa mọ̀ lórí, "ìrànlọ́wọ́ mi ti ọwọ́ Olúwa wá," ezer nìyẹn. Mose sọ ọmọ ẹ̀ kan ní Elieseri, torí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ idà Farao. Lasaru tí Jésù jí dìde, ibẹ̀ ni orúkọ tiẹ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, Eleasari ni wọ́n gé kúrú, "Ọlọ́run ti ṣèrànwọ́." Tẹ́ ẹ bá bi mí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sún mọ́ ọn jù ni gbè, bá a ṣe ń ní orí mi gbè mí, tá a sì ń sọ ọmọ ní Olúgbèmí. Ẹni tó gbè yín, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yín fẹ́ bà jẹ́ pátápátá ló dúró tì yín. Ezer yìí kan náà ni Jẹ́nẹ́sísì orí 2 fi pe obìnrin, olùrànlọ́wọ́ tó dàbí rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin bàbá tó jẹ́ pé ẹsẹ yẹn lẹ ń kà kẹ́ ẹ tó rán ìyàwó lọ gbé omi wá, ẹ lọ tún un kà.

Ìtàn ẹ̀ wá ńkọ́? Ohun tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ nínú ìsìn ìdúpẹ́ kankan ni pé ìtàn méjì ni Ebeneseri ti jáde nínú ìwé Samueli Kìíní, tàkọ́kọ́ yẹn, ẹkún gidi ni. Ẹ ṣí orí 4. Ísírẹ́lì pàgọ́ sí Ebeneseri, àwọn Filistini pàgọ́ sí Afeki, ìjà ṣẹlẹ̀, bí 4,000 ọkùnrin Ísírẹ́lì ló bá a lọ. Àwọn àgbààgbà wá ní kí wọ́n lọ gbé Àpótí Májẹ̀mú wá láti Ṣilo, pé tó bá ti wà láàárín àwọn, ó máa gba àwọn. Wọ́n ti sọ ọ́ di oògùn ìṣọ́ra nìyẹn. Àwọn ọmọ àlùfáà Eli méjèèjì, Hofni àti Finehasi, tẹ̀ lé e wá. Bí Àpótí ṣe wọ ibùdó báyìí, gbogbo Ísírẹ́lì hó yèè, wọ́n hó débi pé ilẹ̀ mì. Mà, ẹ bá mi wo ibẹ̀ yẹn dáadáa, torí kò sí ẹni tó máa pe orúkọ kankan lóru táá pariwo tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ariwo ọ̀hún, 30,000 ló kú. Hofni kú, Finehasi kú, Filistini gbé Àpótí lọ. Bàbá wọn, Eli, ti di ẹni ọdún 98, ojú ẹ̀ ò ríran mọ́, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tó ń retí ìròyìn. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹ̀ kú, ó ṣì jókòó. Ìgbà tí wọ́n dárúkọ Àpótí ló ṣubú sẹ́yìn, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Ìyàwó Finehasi rọbí lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó bí ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Ikabodu, ó ní ògo ti lọ, òun náà sì kú. Orí 5 wá bẹ̀rẹ̀ pé àwọn Filistini gbé Àpótí "láti Ebeneseri" lọ sí Aṣdodu. Láti Ebeneseri o!

Fún àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n mọ ibi tí nǹkan wà: Afeki wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Rosh HaAyin, lápá ìlà oòrùn Tel Aviv. Abúlé àtijọ́ kan wà lórí òkè tó kọjú sí i, Izbet Sartah ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló sì rò pé àgbègbè ibẹ̀ ni Ebeneseri àkọ́kọ́. Lọ́dún 1976 wọ́n hú àpáàdì kan níbẹ̀, ìlà márùn-ún ni wọ́n họ sára ẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ lẹ́tà a-b-d ayé ìgbà yẹn, ó jọ ibi tí ẹnì kan ti ń kọ́ ìwé kíkọ.

Ogún ọdún kọjá kí nǹkan tó yí padà. Ìyẹn wà ní orí 7. Samueli ti ń darí wọn, kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbé Àpótí wá, ó ní kí wọ́n kó àwọn òrìṣà wọn, Baali àti Aṣtarotu, dànù ná. Wọ́n kó o dànù, wọ́n pé sí Mispa, wọ́n fa omi wọ́n tú u sílẹ̀ níwájú Olúwa, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ṣẹ̀. Filistini gbọ́, wọ́n gbéra. Ṣé ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni ò hó lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n ń bẹ Samueli pé kó má ṣe dákẹ́ àdúrà lórí àwọn. Samueli fi ọ̀dọ́ àgùntàn tó ṣì ń mu ọmú rúbọ, ẹbọ náà ò tíì tán tí Filistini fi dé, Olúwa sán àrá lé wọn lórí, wọ́n fọ́n ká, Ísírẹ́lì lé wọn dé ìsàlẹ̀ Betikari. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ parí tán ni Samueli tó mú òkúta kan, ó gbé e kalẹ̀ láàárín Mispa àti Ṣeni, ó pè é ní Ebeneseri, ó ní "Títí dé ìhín ni Olúwa ràn wá lọ́wọ́."

Mispa yìí kì í ṣe itòsí Afeki, òkè lápá àríwá Jerúsálẹ́mù ni, torí náà àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí bí orúkọ kan ṣe wá wà níbi méjì. Tèmi ni pé Samueli mọ ohun tó ń ṣe. Orúkọ tó jẹ́ pé táwọn opó bá gbọ́ ọ wọ́n á bú sẹ́kún, òun ló mú, tó fi sórí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun.

Ẹ wá wo "títí dé ìhín" yẹn. Hébérù ẹ̀ ni ad hennah azaranu, ezer yẹn náà ló tún wà nínú azaranu, "ó ti ràn wá lọ́wọ́." Hennah lè jẹ́ ibi, ó lè jẹ́ àkókò. Àwọn tó bá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther túmọ̀ Bíbélì wa, tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n lè kọ "títí di ìsinsìnyí," kò ní burú, ṣùgbọ́n "ìhín" ni wọ́n lò, ó sì dùn mọ́ mi, torí ìhín ṣeé tẹsẹ̀ mọ́, èèyàn lè dúró lórí ẹ̀ kó nàka sílẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Robert Robinson náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nínú orin kan tó kọ ní 1758 ó ní òun gbé Ebenezer tòun kalẹ̀ níbí. Samueli ò sì sọ pé ogun ti tán o. Àwọn Filistini yìí náà ni Saulu bá jà ní Gilboa tí òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta fi bógun lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́lé n'Íbàdàn nígbà tí mo ṣì kéré, wọ́n kó wọlé nígbà tó jẹ́ pé yàrá méjì péré ló ní páànù, pákó àti náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi dí ojú wíńdò. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, síméǹtì ẹnu ọ̀nà ò tíì gbẹ, wọ́n mú ìṣó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọ EBENEZA sí i, A ni wọ́n fi parí ẹ̀. Àwa ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ máa rẹ́rìn-ín, àbí mo purọ́, ṣé mi ò dé ìhín ni? Nígbà tí wọ́n wá tẹ́ táìlì sílé yẹn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, wọn ò jẹ́ kí táìlì gba orí ibẹ̀ kọjá.

Ẹlòmíì máa ní ṣebí àwa náà ní òkúta tiwa, ṣebí Olúmọ ló gba Ẹ̀gbá sílẹ̀. Ó yàtọ̀ síra. Olúmọ ṣe iṣẹ́, àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ ẹ̀ lásìkò ogun, ó bò wọ́n. Òkúta Samueli ò ṣe nǹkan kan, ìgbà tí iṣẹ́ ti tán ni wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Ká tiẹ̀ wo àwọn òkúta yòókù nínú Bíbélì: Jakọbu da òróró sórí tiẹ̀ ní Bẹtẹli, Joṣua to méjìlá jọ ní Giligali kí àwọn ọmọ lè bèèrè pé kí ni òkúta wọ̀nyí, kí bàbá wọn lè rí nǹkan sọ. Wọn ò kọ ọ́ níbì kankan pé Samueli da òróró sórí Ebeneseri tàbí pé wọ́n ń padà lọ gbàdúrà sí i. Diutarónómì 16:22 tiẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀wọ̀n òkúta ìbọ kalẹ̀ rárá, Olúwa kórìíra ẹ̀.

Nítorí náà mà, Ebenezer kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè kí nǹkan lè ṣẹlẹ̀, nǹkan máa ń ti ṣẹlẹ̀ ká tó pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó bí Samueli ṣe lò ó, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, ẹ sọ ibi kan fún wọn tí Ọlọ́run ti gbè yín, pẹ̀lú ọdún ẹ̀ àti orúkọ àdúgbò, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó ti kọ́kọ́ dùn yín mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kan ti tó, kì í ṣe dandan kó jẹ́ méje, ọ̀sán sì dáa ju òru lọ torí àwọn ọmọ á ti sùn. Òkúta tẹ́ ẹ ṣà yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí kí ọrùn má baà dùn yín. Tó bá tẹ̀wọ̀n díẹ̀, ẹ fi ti ilẹ̀kùn.