Yìnyín Funfun, Fọ́tò Aláwọ̀ Eérú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Chicago ni mò ń gbé. Mo ya àwọn ọmọ mi nínú yìnyín, àmọ́ yìnyín náà rí bí eérú, ojú àwọn ọmọ sì ṣókùnkùn. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́. Tí funfun bá ti gba gbogbo ojú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ẹ má gbà fẹ́ni tó bá ní àwọ̀ àwọn ọmọ ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí, ẹ gbé e sí +1. Bí oòrùn bá mú gan-an, ẹ lè gbé e dé +2. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ojú ọmọ náà, kẹ́ ẹ wá fìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà látara yìnyín á tàn sábẹ́ àgbọ̀n wọn, ẹ ó rí bí awọ ara wọn á ṣe máa dán.

Òtútù máa ń tètè mú agbára bátìrì lọ, ẹ fi ìkejì sápò inú ẹ̀wù. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá, ẹ má tú u títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi má bàa sẹ̀ sínú ẹ̀.