Àtúnṣe tó kan interrupt nínú driver: ibo ni kí n wò kí n tó fọwọ́ sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Driver ni mò ń kọ lórí kernel Linux. Wọ́n ní kí n yẹ àtúnṣe kan wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ yọ request_irq() kúrò, ó fi devm_request_threaded_irq() rọ́pò rẹ̀, ó sì pín handler, ìyẹn function tí kernel ń pè nígbà tí interrupt (ìpè láti ara hardware) bá dé, sí apá méjì: apá àkọ́kọ́ tó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, àti thread tó ń ṣe iṣẹ́ yòókù. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́ta ìlà lọ. Mo ti kà á lákàtúnkà, mo dán an wò lórí ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́, mi ò sì rí àléébù kankan. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n máa wá nínú irú kóòdù báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa bí ọkàn yín ò ṣe balẹ̀. Pé ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ dán an wò kò tíì fi nǹkan púpọ̀ hàn, torí pé nínú ọ̀rọ̀ interrupt, àsìkò tí handler lè dé ló máa ń fa wàhálà ju ohun tí handler ń ṣe lọ. Ó lè já wọlé láàárín ìlà kóòdù méjì èyíkéyìí, lórí CPU kan náà tàbí lórí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú handler. Ibi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣí fáìlì náà lódindi. Ìlà tí àtúnṣe náà máa bà jẹ́ lè má sí lára àwọn ìlà tó yí padà rárá.

Nínú probe(), ibi tí driver ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ẹ wá ìlà tó ń pe devm_request_threaded_irq(), kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Handler lè ti ṣiṣẹ́ kí ìpè yẹn tó parí. Bí spin_lock_init(), INIT_WORK() tàbí ìlà tó ń gba àdírẹ́sì register bá ṣì wà nísàlẹ̀, ohun tí kò tíì sí ni handler máa lọ fọwọ́ kàn. Ó lè má ṣẹlẹ̀ rárá lórí ẹ̀rọ tiyín, kó wá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí bootloader ti lo hardware náà tẹ́lẹ̀ tó sì fi interrupt sílẹ̀ láìpa á. Bí kò bá ṣeé ṣe láti gbé ìforúkọsílẹ̀ náà wá sísàlẹ̀, IRQF_NO_AUTOEN wà fún irú rẹ̀: handler á ti wà nílẹ̀, àmọ́ interrupt ò ní ṣí títí driver fi máa pe enable_irq().

Ọ̀rọ̀ devm (ètò tí kernel fi ń dá ohun tí driver gbà padà fúnra rẹ̀) ló yẹ kí ẹ pẹ́ lé lórí jù lọ, torí pé ó máa ń dà bí ìmọ́tótó lásán: wọ́n yọ free_irq() kúrò nínú remove() (function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yọ driver kúrò), kóòdù kúrú, inú gbogbo èèyàn dùn. Ohun tó yí padà gan-an ni ètò ìparí. Ohun tí wọ́n bá fi devm gbà, ẹ̀yìn tí remove() bá ti parí ni kernel tó ń dá a padà, èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Ìyẹn ni pé ní gbogbo àsìkò tí remove() fi ń ṣiṣẹ́, interrupt ṣì wà láàyè. Ẹ wá ìlà free_irq() tí wọ́n pa rẹ́, kí ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e nínú kóòdù àtijọ́. Bí kfree() bá tẹ̀ lé e, handler á ka mẹ́mórì tí wọ́n ti dá padà. Bó bá jẹ́ clk_disable_unprepare() ni, handler á ka register lára hardware tí clock rẹ̀ ti kú, ọ̀pọ̀ SoC (chip kan tó kó apá kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀) ló sì máa ń dì gbagidi níbẹ̀ tàbí kí bus fún wọn ní error. Bó bá jẹ́ cancel_work_sync() ni, handler lè tún ti iṣẹ́ tuntun sínú workqueue (ìlà àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de ìgbà tí kernel máa ṣe wọ́n) lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó ti tán.

Ètò tó tọ́ ni pé kí driver kọ́kọ́ pa interrupt lára hardware fúnra rẹ̀, kó wá pe free_irq(), tó máa dúró títí handler àti thread rẹ̀ fi kúrò nínú kóòdù, kó tó wá pe cancel_work_sync(), kó sì pa clock gbẹ̀yìn. Bí work yẹn bá lè tún interrupt ṣí lára hardware, ẹ béèrè ohun tó ń dá a dúró nígbà ìparí; ó yẹ kí àmì kan wà tí work máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ lo devm gbọ́dọ̀ fi devm gba àwọn yòókù náà kí interrupt tó dé, fún àpẹẹrẹ devm_clk_get_enabled(), tàbí kó fi devm_add_action_or_reset() so iṣẹ́ ìparí mọ́ ọn. Bó bá fi disable_irq() sí orí remove() láti fi dí ihò náà, ẹ wò ó bóyá IRQF_SHARED (àmì pé ẹ̀rọ púpọ̀ jọ ń lo wáyà interrupt kan) wà níbẹ̀: tó bá wà, ó ti pa interrupt àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí wáyà kan náà.

Ó wá ku handler fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti pín in sí méjì, ẹ béèrè ohun tó ń pa hardware lẹ́nu mọ́ láàárín ìgbà tí apá àkọ́kọ́ dá IRQ_WAKE_THREAD padà àti ìgbà tí thread bẹ̀rẹ̀. Bí wáyà náà bá jẹ́ èyí tó ń dúró lókè títí hardware fi máa gbọ́ ìdáhùn, tí apá àkọ́kọ́ ò pa á, tí IRQF_ONESHOT (àmì tó ń jẹ́ kí wáyà wà ní pípa títí thread fi máa parí) ò sì sí, interrupt á máa já wọlé léraléra, thread ò sì ní ráyè ṣe ohun tó máa pa á. Bó bá jẹ́ NULL ni wọ́n fi sí ipò apá àkọ́kọ́ láìsí IRQF_ONESHOT, -EINVAL ni ìforúkọsílẹ̀ máa dá padà, àyàfi lórí irqchip tó bá ní IRQCHIP_ONESHOT_SAFE.

Ẹ wo ìdáhùn tí handler ń dá padà. Lórí wáyà tí ẹ̀rọ púpọ̀ jọ ń lò, ó gbọ́dọ̀ ka status register, kó sì dá IRQ_NONE padà bí interrupt náà kì í bá ṣe tirẹ̀. Bó bá ń dá IRQ_HANDLED padà nígbà gbogbo, ó ń bo àṣìṣe ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Bó bá sì ń sọ IRQ_NONE nígbà tí kò yẹ, kernel ń kà á: nínú 100,000 interrupt, bí èyí tí kò rí olúwa bá ju 99,900 lọ, á kọ «nobody cared» sínú log, á sì ti wáyà náà pa. Nọ́ńbà error bíi -EIO kì í ṣe ìdáhùn handler rárá. Lórí PCI, bí status bá jẹ́ 0xffffffff, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Handler tó bá ń yí po títí status á fi di 0 ò ní jáde mọ́.

Ètò ìnùnù, ìyẹn pípa àmì interrupt rẹ́ nínú status register, ṣe pàtàkì. Ka status, kọ kìkì bit tí o kà padà láti nù ún, kí o tó ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tán kó tó nù ún ti pa ìròyìn tó dé láàárín méjèèjì rẹ́, ohun tí àwọn oníbàárà á sì máa sọ ni pé ẹ̀rọ náà «ń dì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan». Ohun tí a kọ sí PCI lè ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí handler ti jáde, kí interrupt kan náà sì tún wọlé. Kíka register yẹn padà lẹ́ẹ̀kan ló ń fi dáni lójú pé ó ti débẹ̀.

Ní ti lock (ohun tí kì í jẹ́ kí kóòdù méjì fọwọ́ kan dátà kan náà lẹ́ẹ̀kan), ẹ má wo ibi tí àtúnṣe náà fi hàn nìkan. Ẹ wá orúkọ lock náà káàkiri fáìlì. Láti 2.6.35 ni handler ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú interrupt ní pípa lórí CPU rẹ̀, nítorí náà spin_lock() lásán tó nínú apá àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kóòdù mìíràn tó ń gba lock kan náà, títí kan thread tuntun yìí, gbọ́dọ̀ lo spin_lock_irq() tàbí spin_lock_irqsave(). Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, handler á já wọlé lórí CPU tó di lock náà mú, á sì máa dúró de ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó rìn. Nínú apá àkọ́kọ́, kò sí mutex, kò sí GFP_KERNEL, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ lórí I2C, torí gbogbo wọn lè sùn, ìyẹn kí wọ́n dúró de nǹkan. Ẹ tẹ̀ lé function tó ń pè dé ìsàlẹ̀, torí abẹ́ ìpele kejì tàbí ìkẹta ni ohun tó lè sùn máa ń fara pa mọ́ sí. disable_irq() kò gbọ́dọ̀ sí ní apá méjèèjì, torí ó ń dúró de handler tó pè é. Èyí tó yẹ níbẹ̀ ni disable_irq_nosync().

Ibì kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ṣì máa ń gbójú fò. PREEMPT_RT (RT), ètò tó ń jẹ́ kí kernel dáhùn láàárín àsìkò tó dájú, ti wọ inú kernel gan-an láti 6.12, ọdún 2024, spinlock_t sì lè sùn níbẹ̀. Handler lásán ò ní wàhálà, torí RT á sọ ọ́ di thread. Èyí tó bá ní IRQF_ONESHOT ni kì í fọwọ́ kàn: apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ipò interrupt gidi. Bí ẹ bá rí spinlock_t nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ lórí RT. Ẹ ní kí wọ́n kó lock náà lọ sínú thread, tàbí bí iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ bá kéré gan-an, kí wọ́n lo raw_spinlock_t.

Kí ẹ tó fèsì, ẹ kọ́ kernel pẹ̀lú CONFIG_PROVE_LOCKING, CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP àti KASAN (tí wọ́n ń mú àṣìṣe lock, sísùn níbi tí kò yẹ àti ìlòkulò mẹ́mórì jáde), àti CONFIG_DEBUG_SHIRQ bí wáyà náà bá jẹ́ àjọlò, torí ìyẹn máa ń fúnra rẹ̀ pe handler nígbà ìyọkúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ module náà kí ẹ sì máa dá a padà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ, kì í ṣe nígbà tó dákẹ́. Ẹ fojú sí /proc/interrupts: bí nọ́ńbà náà bá ń fò lọ nígbà tí ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, nǹkan ò dáa nínú ìnùnù tàbí nínú IRQF_ONESHOT.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, mi ò ní fi Reviewed-by (àmì pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fọwọ́ sí i) sí i bó ṣe wà. Ẹ ní kó pín in sí méjì, devm lọ́tọ̀, thread lọ́tọ̀, kí git bisect (tó ń wá commit tó fa àṣìṣe) lè fi èyí tó jẹ̀bi hàn bí nǹkan bá bàjẹ́. Kó sì kọ sínú ọ̀rọ̀ commit ti devm ohun tó ń dá interrupt dúró látìgbà tí remove() bẹ̀rẹ̀ títí devm fi máa yọ ọ́ kúrò. Bí kò bá rí nǹkan kọ síbẹ̀, kó dá free_irq() padà sípò rẹ̀.