Ṣé ọjọ́ ogbó ló mú kí màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pa ọjà tì, tí wọn kò sì fẹ́ jẹun tàbí bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?

Rárá o, ọjọ́ ogbó nìkan kì í mú kí èèyàn máa wo àmàlà láfún níwájú rẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ó lè jẹ́ àìsàn ìsoríkọ́, èyí tí àwọn àgbàlagbà sábà máa ń ròyìn bí ara ríro tàbí àìróorunsùn dípò ìbànújẹ́. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn àti oògùn tí wọ́n ń lò wò, nítorí ìṣòro inú ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn náà lè fa irú èyí. Ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìlera ọpọlọ ń ṣiṣẹ́. Oògùn ìsoríkọ́ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ pé ikú yá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.